Oòrùn ni sólà ń jẹ, kì í ṣe ooru

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ oko sólà, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n to páànẹ́ẹ̀lì sí láti fi oòrùn mú iná wá, ti jáde tí ẹnìkan kò ní sọ pé: "Òkè Ọya ni kí wọ́n gbé e lọ o! Ibẹ̀ ni oòrùn ti mú jù." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta bátìrì ínfátà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé gan-an. Gbogbo wọn gbà pé ibi tí ooru bá ti ń pa ènìyàn jù ni iná sólà yóò ti pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń fi máàpù wá ilẹ̀ fún oko iná sì ti mọ̀ tipẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé èdè wa wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Oòrùn àti ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lẹ́nu, a sì máa ń ní "oòrùn yìí mú o" nígbà tó jẹ́ ooru ló ń dà wá láàmú. Ìmọ́lẹ̀ ni páànẹ́ẹ̀lì ń sọ di iná. Ooru ń bá iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni. Agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn páànẹ́ẹ̀lì, ìgbà tí ara rẹ̀ wà ní dígírì 25 ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, dígírì kan á bu nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iná tó yẹ kó mú wá. Lọ́sàn-án gangan, ara páànẹ́ẹ̀lì lè gbóná dé dígírì 65. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ti bá ooru lọ.

Ẹ fi Jos wé Èkó. Orí òkè tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ni Jos wà, aṣọ òtútù ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ nígbà ọyẹ́. L'Ékòó, òógùn kì í gbẹ lára. Síbẹ̀, tí ẹ bá ṣí Global Solar Atlas, máàpù ọ̀fẹ́ tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2017, ẹ ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn Jos ju ti Èkó lọ dáadáa. Ìkuukùu ló ń bo ojú oòrùn l'Ékòó, ooru ibẹ̀ kò sì torí ìyẹn dín.

Mi ò sọ pé òkè Ọya kò ní ìmọ́lẹ̀. Ó ní i. Iye ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń kọ fún Nàìjíríà ni nǹkan bí 3.5 kílówáàtì-wákàtí (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iná tí a lò nílé) lórí mítà kan níbùú-lóòró lójúmọ́ ní etíkun, tó ń lọ sókè títí dé 7 ní àríwá pátápátá. Ṣùgbọ́n Jámánì, tí tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 3 lọ, ní sólà tó ju 80 gígáwáàtì (ẹgbẹ̀rún mẹ́gáwáàtì ni gígáwáàtì kan) lọ nígbà tí 2023 parí. Etíkun wa tí a ń sọ pé oòrùn rẹ̀ kò tó, ó ju tiwọn lọ.

Ẹni tó ń wá ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà dà bí ẹni tó ń jọ̀ èlùbọ́, ìmọ́lẹ̀ sì ni ajọ̀ àkọ́kọ́. Ká mú Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lórí máàpù ìmọ́lẹ̀ nìkan, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ó wá gbé máàpù àwọn ibi tí òfin dáàbò bò lé e: ọgbà ẹranko Old Oyo, tó ju 2,500 kìlómítà níbùú-lóòró lọ, jáde kúrò. Ó gbé máàpù gíga ilẹ̀ lé e: àwọn àpáta Ìgbẹ́tì àti Ṣakí jáde. Odò Ògùn àti ibi tó máa ń kún dé, wọ́n jáde. Oko kajú àti oko iṣu ńkọ́? Tiwọn gba ìjíròrò. Omi tí wọn yóò fi fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára páànẹ́ẹ̀lì náà wà nínú ìṣirò. Èyí tó bá ṣẹ́kù kì í ju abúlé méjì mẹ́ta lọ níbi tí gbogbo ilẹ̀ ti ń tàn yanranyanran tẹ́lẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì jù ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde: báwo ni wáyà iná ńlá ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó?

Àwọn ará Kenya mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń náni. Oko afẹ́fẹ́ ni tiwọn, kì í ṣe sólà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni. Kò sẹ́ni tó ṣi afẹ́fẹ́ ẹ̀bá adágún Turkana, ní àríwá Kenya, wọ̀n. Afẹ́fẹ́ gidi ni, bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá yára ní ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ máa ń di ìlọ́po mẹ́jọ, ìdí nìyẹn tí àwọn olókòwò fi ń sáré lọ síbi tó bá ti ń fẹ́ jù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ 365 tó ń fi afẹ́fẹ́ mú iná wá kalẹ̀, 310 mẹ́gáwáàtì. Ní 2017, iṣẹ́ ti parí lórí wọn. Ṣùgbọ́n wáyà tó máa gbé iná náà lọ sí ibùdó iná ní Suswa, tó ju 400 kìlómítà lọ, kò parí títí di oṣù Kẹsàn-án 2018. Odidi ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ̀rọ dúró lórí pápá láìfi iná ránṣẹ́ sí ilé ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà ńbẹ̀: ní 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Meru dájọ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà gba ìwé ilẹ̀ náà kò bófin mu. Ilẹ̀ tí àwọn darandaran ń lò ni.

Ẹ wo tòsí wa náà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àríwá, lápá Kandi àti Malanville, ni ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Síbẹ̀, Illoulofin nítòsí Pobè, láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wa ní gúúsù, ni wọ́n dá oko sólà 25 mẹ́gáwáàtì sí, tí wọ́n sì ṣí i ní 2022. Gúúsù ni Cotonou àti Porto-Novo wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo iná jù.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú iṣẹ́ máàpù yìí. Sátẹ́láìtì á rí igbó, kò ní mọ̀ pé igbó orò ni. Ó máa rí pápá tó tẹ́jú, kò mọ̀ pé ojú oórì àwọn bàbá ẹbí kan ló wà níbẹ̀, tàbí pé ilẹ̀ náà ń sinmi ni, tí ẹni tó ni ín ń dúró de ọdún tó ń bọ̀ kó tún gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ènìyàn ló sì ń pinnu bí ajọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe máa wúwo tó. Ẹni tó bá fún ìmọ́lẹ̀ ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, tó fún oko àwọn ará abúlé ní 5, ibòmíràn ni máàpù rẹ̀ máa tọ́ka sí, kò sì sí irọ́ kankan nínú ìṣirò rẹ̀. Tí wọ́n bá wá bá yín pé kọ̀ǹpútà ti mú ilẹ̀ yín fún oko sólà, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo máàpù náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ iye tí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.