Kí a tún ọ̀nà òkè ṣe, kí a má lé àwọn ọmọ

Ìròyìn yín sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè ní Amẹ́ríkà ti pọ̀ débi pé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń ráhùn pé àyè kò sí mọ́. Mo gbà pé èrò pọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí a dá àwọn ọmọ náà dúró. Ìlànà ti wà tipẹ́: kẹ̀kẹ́ ni yóò yà fún ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni yóò sì yà fún ẹni tó ń gòkè.

Ilẹ̀ gan-an ló ń kọ mí lóminú. Bí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń gba ọ̀nà tútù, tí àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ sì ń fún bíréèkì pinpin, táyà yóò gbẹ́ poro sílẹ̀, omi òjò yóò sì sọ poro náà di kòtò. Àwa ará Iléṣà ń rí irú rẹ̀ lọ́nà oko kòkó, níbi tí ọ̀kadà ti ń ba ọ̀nà tóóró jẹ́ lásìkò òjò, tí ìyá tó ru agbọ̀n sì ní láti wọgbó kí alùpùpù lè kọjá (àwọn ọlọ́kadà wa kì í sábà tọrọ gáfárà).

Nítorí náà, kí wọ́n máa ti ọ̀nà náà lẹ́yìn òjò ńlá, kí àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, kí wọ́n sì fún wọn lọ́kọ́ láti tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gbé eré yìí wá sí àyíká omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀.