Aago tí wọ́n fi tíì sọ di arúgbó

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi tó ń gbé ní Manchester pè mí lórí fídíò, kò sì tíì kí mi tán tó fi gbé fóònù rẹ̀ ti agolo kan lórí tábìlì ìdáná kí n lè rí ohun tí ó ń ṣe. Ife tíì dúdú kan wà níwájú rẹ̀ tí kò sí mílíìkì tàbí ṣúgà nínú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà ni ó tẹ́ bébà ìnuwọ́ sí, ọwọ́ aago méjì, gígùn àti kúkúrú, sì wà lórí bébà náà bí egungun ẹja. Ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan kán tíì sí ọ̀dà funfun tó wà láàrin àwọn ọwọ́ aago wọ̀nyí, ó sì ń fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ó lè gbẹ kí ó tó tún òmíràn kán sí i. "Bọ̀dá mi, ẹ dúró," ni ó wí, "tí mo bá fi máa ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ẹ máa sọ pé aago yìí ti pé àádọ́ta ọdún."

Aago náà kò tíì lo oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Awọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ jẹ ìyà tirẹ̀: ó ti fi sáńpépà ha etí rẹ̀, ó ti fi òróró pa á, ó sì ti ká a mọ́ ìgò láti òru di òwúrọ̀ kí ó lè tẹ̀ bí awọ tí ènìyàn ti so mọ́ ọwọ́ fún ọdún púpọ̀. Inú bí mi ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì sọ̀rọ̀ líle sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìbínú náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aago kì í tán lẹ́nu mi. Ẹ sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Switzerland ti ń ta aago tuntun tí wọ́n ti kùn ní àwọ̀ ogbó kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Àwọ̀ yẹn ní bí ó ṣe ń wá. Láyé àtijọ́, radium, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde, ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà kí nọ́ńbà lè máa tàn nínú òkùnkùn. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sí i, wọ́n gba tritium, èròjà mìíràn tó ń tú ìtànṣán jáde, dípò rẹ̀, nítorí pé ewu rẹ̀ kò tó ti radium. Òun ni ẹ fi ń rí lẹ́tà T méjì nísàlẹ̀ ojú ọ̀pọ̀ aago ìgbà náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ìtànṣán tó ń jáde lára àwọn èròjà yìí ni ó ń jẹ ọ̀dà náà láti inú, títí tí kò fi ní lè tàn mọ́, tí funfun rẹ̀ yóò sì pọ́n bí eyín arúgbó. Agbára tritium ń dín sí ìdajì láàrin ọdún 12 ó lé díẹ̀, nítorí náà aago tí ó bá pọ́n bẹ́ẹ̀ ti bá ènìyàn jókòó pẹ́. Super-LumiNova, ọ̀dà tó ń tàn tí wọ́n ń lò lóde òní, kò ní ìtànṣán kankan nínú. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń mu sínú kí ó tó tàn, kò sì sí ohun tí yóò jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n wá ń po àwọ̀ eyín arúgbó mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́, wọ́n sì ń pè é ní ẹwà.

Àwọn kan yóò ní owó olówó ni, kí ni ó kàn mí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tí ń ti aago idẹ mọ́ inú ike kan náà pẹ̀lú ẹyin bíbọ̀ tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, kí imí ọjọ́ inú ẹyin lè sọ idẹ náà di dúdú (ẹyin tí wọn ìbá fi jẹ iṣu), mo sì ti rí àwọn tí ń rẹ òrùka tó yí ojú aago ká sínú bílíìṣì kí ó lè ṣá bí èyí tó ti lo ogún ọdún nínú oòrùn àti omi òkun.

Ibi tí irú ojúkòkòrò yìí ń gbé ènìyàn lọ kò fara sin. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n gbé aago Speedmaster kan tí ilé iṣẹ́ Omega ti Switzerland ṣe ní ọdún 1957 sí gbàǹjo ní Geneva. Ojú rẹ̀ tó yẹ kí ó dúdú ti pọ́n bí èso kòkó tí wọ́n sá gbẹ, àwọ̀ yẹn gan-an sì wà lára ohun tí àwọn olówó ń sáré sí. Owó tó lé ní mílíọ̀nù 3 faranki Switzerland ni wọ́n rà á. Nígbà tí ó di ọdún 2023, Omega jáde wá sọ pé ara oríṣiríṣi aago ni wọ́n ti kó ẹ̀yà aago náà jọ, àti pé àwọn kan tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun rí mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó sì rà á lọ́jọ́ gbàǹjo náà ni Omega fúnra rẹ̀, tí ó fẹ́ kó o sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀. Bí ikú ilé kò pani, ti òde kò lè pani.

Gbogbo èyí ni ó wà lọ́kàn mi tí mo fi bínú sí ọmọ ìyá mi nítorí ife tíì kan. Mo bi í pé kí ni aago náà ṣe tí kò fi lè jẹ́ kí ó gbó fúnra rẹ̀. Mo ní kí ó wo ti bàbá wa. Ọdún 1975 ni bàbá wa rà á, nígbà tí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji jáde tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra ohun tí ojú wọn ti ń wá tipẹ́, ó sì so ó mọ́ ọwọ́ títí ó fi dákẹ́. Àwọn lẹ́tà T méjì yẹn wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀. Lára awọ ìkẹyìn tí ó rà sí i, ihò márùn-ún ni ilé iṣẹ́ lu, wọ́n rí rogodo, wọ́n sì tò bí ọmọ iléèwé; ihò kẹfà rí wúruwùru, ó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé bàbá wa fúnra rẹ̀ ni ó fi ìṣó lù ú nígbà tí àìsàn mú kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí aago fi ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo bi àbúrò mi pé ife tíì wo ni yóò mú irú ìyẹn jáde.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Ọwọ́ gígùn tó wà lára ti Dádì ńkọ́?"

Mo ti gbàgbé pé mo sọ fún un. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ gígùn náà kán nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ gíláàsì, bàbá kan tó ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀ sì bá mi wá òmíràn tó bá a mu. Ó funfun báláú. Bàbá náà gbé e lé ojú aago, ó mi orí, ó ní yóò máa ṣe bí àlejò níbẹ̀, pé kí n fi sílẹ̀ fún òun di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo padà, àwọ̀ rẹ̀ àti ti ọwọ́ kúkúrú ti di ọ̀kan náà. N kò bèèrè ohun tí ó fi pa á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tilẹ̀ fi owó kún owó iṣẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń so ó lọ sí òde.

"Ọwọ́ yín ni aago Dádì wà," ni àbúrò mi tún wí, láìgbé ohùn sókè. "Èmi ni mo ń ṣe tèmi." Lẹ́yìn náà ni ó wá ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun wọn bí ihò kẹfà yẹn ṣe jìnnà sí ti karùn-ún tó, àti ẹ̀gbẹ́ tí ó tẹ̀ sí, òun náà ti wá ìṣó kan.

Mo ti fi rúlà wọ̀n ọ́n. N kò tíì fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí i.