Ilé Gbọ́n, NEPA Ò Gbọ́

Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá lọ jẹ ìṣílé l'Abẹ́òkúta, táìsì àti POP òkè àjà ni onílé máa ń mú àlejò wò. Ẹ ó kí i kú oríire, ẹ ó jẹ láfún yín pẹ̀lú ewédú, ó parí. Ní báyìí, láti Ọbántókò dé Adígbẹ, nǹkan mìíràn ti wọ̀ ọ́. Wọ́n á ní kí DJ dákẹ́, kí àwọn ọmọdé jókòó, kí ìyá àgbà ṣe sùúrù ná kó tó wúkọ́. Onílé á wá na ọrùn sí ike roboto kan lórí tábìlì, á gbé ohùn gba imú: "Alexa, turn on the light!" (Alexa ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ inú ike náà tó ń gbọ́ àṣẹ.) Òkùnkùn ò mira. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá àgbà dìde, ó tọ ògiri lọ, ó tẹ suíìṣì. Iná tàn. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Smart home ni wọ́n ń pè é: ilé olóye, tó ń gbàṣẹ lẹ́nu àti lórí fóònù.

Ìyá àgbà kan náà ló pa suíìṣì yẹn láàárọ̀, torí ó kórìíra kí iná máa tàn lásán. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé gílóòbù tó ń gbàṣẹ lórí fóònù gbọ́dọ̀ máa rí iná tọ̀sán-tòru, kí rédíò kékeré inú rẹ̀ lè máa tẹ́tí. Ẹni tó bá pa á lára ògiri ti gé e létí nìyẹn. Ilé tí èèyàn márùn-ún ń gbé, tí gbogbo wọn sì lọ́wọ́, suíìṣì ló yẹ kó gbọ́n níbẹ̀, kì í ṣe gílóòbù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé ó ń dín owó iná kù. LED ló ń dín in kù: LED wáàtì 9 ń ṣiṣẹ́ gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60, ìbáà gbọ́n, ìbáà gọ̀. Èyí tó gbọ́n tiẹ̀ ń jẹun lójú oorun. Ìdajì wáàtì péré ni, àmọ́ ogún irú rẹ̀ á jẹ nǹkan bíi yúnítì 7 láàárín oṣù kan láìtan ìmọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Suíìṣì náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Onílé á ra mẹ́fà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á pe ẹlẹ́tíríṣàn. Wọ́n tú ti àtijọ́ kúrò lára ògiri, wọ́n bá wáyà méjì, onílé ní live (wáyà tó ń gbé iná wá) àti neutral (èyí tó ń gbé e padà, tí suíìṣì tó gbọ́n nílò) nìyẹn. Rárá o. Live tó ń wọlé ni ọ̀kan, live tó ń lọ bá gílóòbù ni èkejì. Neutral ń bẹ lókè àjà, kò sọ̀kalẹ̀ wá síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé. Àwọn kan á wá fi wáyà earth, èyí tó lọ sílẹ̀ láti dáàbò bo èèyàn, dí àlàfo náà, wọ́n á ní ó ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí ọjọ́ tí earth bá já, tí ara irin á wá máa gbá ọmọ ọlọ́mọ mú. Ẹ fa neutral sọ̀kalẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì rẹ́ ilé, tàbí kẹ́ ẹ ra irú suíìṣì tí kò nílò neutral, kẹ́ ẹ sì so kapásítọ̀ kékeré tó bá a wá mọ́ ẹnu gílóòbù. Bí ẹ bá sọ kapásítọ̀ yẹn nù pẹ̀lú páálí, LED á máa ràn bàìbàì lóru bí ojú ológbò lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Wọ́n ti pe wòlíì nítorí irú èyí rí.

Iná NEPA ló wá ń fi wọ́n ṣẹ̀sín jù. (NEPA ti kú láti 2005, a mọ̀, orúkọ ni ò bá a kú.) Aago méjì òru, wọ́n gbé iná dé. Bí ọ̀pọ̀ gílóòbù wọ̀nyí ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, wọ́n á tàn nígbàkúùgbà tí iná bá dé, torí ẹni tó ṣe wọ́n rò pé onílé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ suíìṣì. Gbogbo yàrá á mọ́ roro, oorun á dá lójú tolórí-tẹlẹ́mù. Oògùn rẹ̀ wà nínú áàpù, níbi tí wọ́n kọ "power-on behaviour" sí: ẹ yí i sí "last state", kó lè máa padà sí bó ṣe wà kí iná tó lọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lórí gílóòbù kan. Ta ló ń kà á?

Ti iná tó ń ṣẹ́jú ló burú jù. Ọ̀pọ̀ gílóòbù Wi-Fi ni wọ́n ṣe pé béèyàn bá tan án tó pa á lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún ní kíákíá, kó gbàgbé ohun gbogbo, kó máa retí ẹni tó máa tún un forúkọ sílẹ̀. Ní ìlú tí iná dúró, ọgbọ́n ni. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á mú un, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún mú un, wọ́n á tún dá a padà; kẹ́ ẹ tó wá tọ́ọ̀ṣì, gílóòbù mẹ́jọ ti ń ṣẹ́jú pàkò bí ọmọ tó sọnù lọ́jà Ìtòkú, kò mọlé, kò mọ bàbá. Ẹ gbé àwọn iná yẹn àti ráútà sórí ínfátà kẹ́ ẹ sinmi. Bẹ́ ẹ bá sì ń tún wọn forúkọ sílẹ̀, orí Wi-Fi 2.4GHz ni kí fóònù wà. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbọ́ èdè 5GHz.

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí ẹ̀rọ omi, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jó. Onílé ra plọ́ọ̀gì olóye tí wọ́n kọ 10A sí lára, ó ki ẹ̀rọ omi 1HP bọ̀ ọ́. Ó ti ṣírò: wáàtì 746, ká tiẹ̀ pè é ní ẹgbẹ̀rún kan, plọ́ọ̀gì ń gbé 2,400 (áńpù 10 lórí fóltì 240), àyè kù rẹpẹtẹ. Kò mọ̀ pé mọ́tò tó ń gbéra máa ń fa iná tó ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń fà bó bá ti ń sáré. Nínú plọ́ọ̀gì yẹn, irin tíńtín méjì ló ń fẹnu kan ara wọn. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá gbéra, ẹnu wọn á ta iná párá. Lọ́jọ́ kan wọ́n á yọ́, wọ́n á lẹ̀ pọ̀. Láti ọjọ́ náà, kí onílé tẹ "off" títí ìka á fi bó, áàpù á ní òun ti pa á, ẹ̀rọ á sì máa fa omi lọ, tẹ́ǹkì á kún, omi á ya láti orí òpó, á gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ kí aládùúgbò nísàlẹ̀. Abẹ́òkúta ni, ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ ṣáá ni. Contactor, suíìṣì ńlá tí iná kékeré ń darí, ló yẹ kó wà láàárín: kí plọ́ọ̀gì máa pàṣẹ fún un, kí òun máa gbé ẹrù ẹ̀rọ. Kẹ́ ẹ sì fi flóòtì sínú tẹ́ǹkì, èyí tí kò ní Wi-Fi, tí kò ní áàpù, tí omi fúnra rẹ̀ ń gbé sókè, tó ń pa ẹ̀rọ bí tẹ́ǹkì bá kún. Òun ló gbọ́n jù nínú ilé náà, wọn ò sì mú àlejò kankan wò ó rí.

Àwọn kan ò tiẹ̀ ní ráútà. Hotspot fóònù ara wọn ni wọ́n fi ń bọ́ ilé. Bí ọ̀gá bá ti ki fóònù bàpò tó wọkọ̀ lọ Kútọ̀, ọpọlọ ilé ti bá a lọ, dìndìnrìn ni ìyókù títí alẹ́. Ẹni tó sì ní ráútà, dátà á tán mọ́ ọn lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ irú àṣẹ yìí, bí fóònù àti gílóòbù tiẹ̀ jọ wà ní yàrá kan, á kọ́kọ́ sọdá òkun lọ bá kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ṣe é kó tó padà wá. Bí iléeṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn ńkọ́? Ní 2016 ni Nest, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ilé olóye, pa Revolv, àpótí tí àwọn ará Amẹ́ríkà rà ní nǹkan bí 300 dọ́là láti fi darí ilé wọn. Ó di ike lásán. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Kámẹ́rà tó bá ń gbé àwòrán sókè ní 2Mbps láìdúró á jẹ nǹkan bíi 21GB lójúmọ́. Mẹ́mọ́rì káàdì inú rẹ̀ á gba àwòrán kan náà láìjẹ kọ́bọ̀ dátà.

Ó ku ilẹ̀kùn. Bátìrì AA mẹ́rin ló sábà ń gbé kọ́kọ́rọ́ oníka ró, èyí tó ń fi ìka mọ onílé; alkaline ni kó jẹ́, kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú inú rìmóòtù. Ìka ìyá àgbà ò wọ̀ ọ́, torí aró àdìrẹ àti ọṣẹ ti họ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kó máa gba ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kọ́kọ́rọ́ náà fi ń ké píì-píì pé ebi ń pa òun, onílé rò pé ó ń kí òun káàbọ̀ ni. Aago mọ́kànlá alẹ́, ó ti ọ̀nà dé, ó gbé ìka lé e, ó dákẹ́ lọ gbári. Kọ́kọ́rọ́ onírin tí wọ́n fún un fún irú ọjọ́ báyìí wà nínú dúrọ́ọ̀ pálọ̀. Ihò USB-C kan tí wọ́n fi ń fún kọ́kọ́rọ́ oníka ní iná wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, power bank sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi í tan ìmọ́lẹ̀ wá ihò kọ́kọ́rọ́.

Ìyá àgbà ló gbọ́ kíkàn. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó fa ọ̀pá irin ilẹ̀kùn ìdáná sẹ́yìn, ó ní kó tètè wọlé, ẹ̀fọn ń wọlé.