Gbígbé Ohun Tó Wúwo Kì í Ṣe ti Àwọn Ìgìrìpá Nìkan

Ní ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, bí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú bá ti ń mọ́, a máa ń rí àwọn ènìyàn, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n ń sáré lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú títì, òmíràn nínú wọn á tún máa kọrin. Ohun tó dára gan-an ni, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó sábà máa ń bá a rìn ni mo fẹ́ tako: pé eré sísá nìkan ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré ìmárale nílò, àti pé gbígbé ohun tó wúwo jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ń da sìmẹ́ǹtì sínú agolo, tí wọ́n ń ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, kí àyà wọn lè yọ.

Eré sísá àti ìrìn kánmọ́kánmọ́ ń fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lágbára. Ti iṣan yàtọ̀. Láti nǹkan bí 30 ọdún ni iṣan ara ti ń dínkù bí a kò bá fún un ní iṣẹ́ tó le. Bí ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ láàárín ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60 ọdún. Ẹ wo ìyá àgbà kan ní Kétu tó fẹ́ dìde lórí àpótí nídìí ààrò: á fi ọwọ́ kan ti orúnkún, á fi èkejì di ògiri mú, á mí kanlẹ̀ kó tó gbéra. Wọ́n á ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan itan tí kò ríṣẹ́ gidi ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí sì ṣeé tún ṣe, kódà lẹ́yìn 70 ọdún.

Ẹni tó fẹ́ fọn, tó wá dín oúnjẹ kù tó sì ń sáré nìkan, iṣan á bá ọ̀rá lọ lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣan yìí ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí gbígbé ohun tó wúwo fi ń ran àwọn tó ní àtọ̀gbẹ lọ́wọ́.

Àwọn obìnrin ń bẹ̀rù pé ara àwọn á le bíi ti ọkùnrin. Họ́mọ̀nù testosterone tí ń mú iṣan ọkùnrin tóbi kéré púpọ̀ lára obìnrin. Àwọn ìyá tí ń ru ọpọ́n ẹrù ńláńlá lọ sí ọjà Ouando láti ọdún pípẹ́ ńkọ́, ta ni wọ́n ti sọ di ọkùnrin nínú wọn?

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí ṣe ohun tó jọ ọ́, kó sì máa fún iṣan ara níṣẹ́ ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Méjèèjì ni wọ́n kà pọ̀.

Kò pọn dandan kí ẹ ra irin. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti ohunkóhun, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí ìgbà méjìlá. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí ẹ máa sún mọ́ ọn, kí ẹ sì máa ti ara yín padà. Ẹ gbé bídọ́ọ̀nù lítà 5 tí omi kún inú rẹ̀, tó tó kílò 5. Bí ó bá ti rọrùn jù, ẹ fi kún un. Ara ríro fún ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n bí oríkèé bá ń dun yín, ẹ dúró. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, kó má sì ṣe sé èémí nígbà tó bá ń gbé nǹkan, nítorí pé sísé e máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga sókè lójijì.