Ẹ̀bi tiwa ni ariwo bẹ́ẹ̀dì yẹn, mà

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Mo ka ohun tí ẹ kọ, mo sì tún un kà: pé bẹ́ẹ̀dì àgbésókè tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa lóṣù kẹsàn-án ń ké bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń gbé e ti ògiri, pé ẹ da òróró sí i, ẹ tún fín WD-40, òróró fẹ́lẹ́ inú agolo, sí i, ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí omi dúdú sì ń ṣàn sára pákó. Mi ò bá yín jiyàn lórí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn tí irin tún jí, mo mọ ohun tí ojú ìyá rẹ̀ ń rí.

Bóòtù méjì ló gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn ró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, irú èyí tí sípánà 19 ń tú. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń yí. Wáṣà oníke, òrùka pẹlẹbẹ tí bóòtù ń gba inú rẹ̀ kọjá, ló yẹ kí n fi sáàárín irin àti irin. Tiwa ti tán lọ́jọ́ náà, mo sì ti ṣèlérí Sátidé fún yín, ni mo bá fi wáṣà onírin dí i. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Irin tó ru ẹrù kì í yọ̀ geere lára irin. Á lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, á já, á tún lẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Òun ni ẹ ń gbọ́ yẹn, pákó sì ń gbé e jáde bí igi ìlù ṣe ń gbé ohùn awọ jáde. Ọyẹ́ tún wá dé. Àsìkò òjò ni mo kan pákó igi afárá tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó ti gbẹ báyìí, ó ti súnkì, nọ́ọ̀tì tí mo dè kò fún mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má da òróró sí i mọ́. Ẹ wo ìdí ike òróró tó ti pẹ́ ní kíṣìnì, bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bíi gọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń dì sínú bóòtù, tí á kó eruku ọyẹ́ mọ́ra, tí á sì máa ha irin bíi sáńpépà. Irin tó ti jẹ wà nínú omi dúdú yẹn. WD-40 ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: lílé omi kúrò lára irin ni W àti D inú orúkọ rẹ̀ dúró fún, ó sì dára fún títú ìpẹtà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ lábẹ́ ohun tó wúwo. Gírísì ló ń dúró.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má tú bóòtù náà fúnra yín, torí bẹ́ẹ̀dì lè já lu èèyàn. Màá yọ ọ́, màá gbé e síta láti fi kẹrosíìnì nù ún, kí òórùn rẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Màá fi sáńpépà kíkúnná ra á, kí n tó fi wáṣà oníke sí i pẹ̀lú gírísì tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Nọ́ọ̀tì méjì ni màá fi dè é, kí èkejì ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, kó má baà tú, síbẹ̀ kó lè máa yí.

Ariwo kejì tí ẹ sọ, èyí tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá yíra padà lóru, kì í ṣe ti irin. Pákó tí fọ́ọ̀mù lé lórí ló ń ha férémù. Ẹ lè ṣe ìyẹn lónìí: ẹ gbé fọ́ọ̀mù kúrò, kí ẹ fi àbẹ́là funfun ra etí pákó kọ̀ọ̀kan níbi tó ti kan férémù. Ẹ má fi epo kankan síbẹ̀, igi á mu ún, pọ́líìṣì kò sì ní mú un mọ́.

Àbàwọ́n dúdú náà, màá ha á, màá tún un pa láró. Afárá mọ́lẹ̀ lójú, ó ṣeé ṣe kí ojú ibẹ̀ má rí bíi ti tẹ́lẹ̀ pátápátá. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, màá pààrọ̀ pákó yẹn.

Ẹni méjì mìíràn gba irú bẹ́ẹ̀dì yìí lóṣù kan náà. Mo ti pè wọ́n; màá yọ wáṣà tiwọn náà.

Tí ọmọ bá ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí mo bá dé, màá dúró síta títí á fi jí.