Yin ni yin ni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn

Àwọn àgbà ní, "Yin ni yin ni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn." Òwe yìí kò ní kọ́lọ́fín. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ ká sọ fún un, kó lè rí okun ṣe sí i. Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé òwe náà kò ní ká fẹ́ràn nǹkan nínú ikùn wa, ká fi bò. Yin ni ló wí, ẹnu la sì fi ń yin ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn eré sáyẹ́ǹsì àròsọ lórí tẹlifíṣọ̀n ni mò ń bá sọ̀rọ̀, eré ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀, eré ẹ̀dá tó ti ayé mìíràn wá. Ẹ ti rí ẹni transgender nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹni tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin tàbí obìnrin lọ́nà tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i, inú yín sì dùn, yálà torí pé bí ẹ̀yin náà ṣe rí nìyẹn, tàbí torí pé ọmọ yín tàbí ọ̀rẹ́ yín lẹ rí níbẹ̀, tàbí torí pé eré náà dùn, ó tán. Ẹ wò ó, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ nu omijé, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ lọ sùn. Ẹni tí inú ń bí kò tètè sùn ní tirẹ̀. Ó jókòó, ó ń kọ̀wé ẹ̀sùn.

Ní November 25, 2023, BBC gbé "The Star Beast" jáde, àkọ́kọ́ nínú àwọn eré tí wọ́n fi ṣàjọyọ̀ ọdún 60 Doctor Who, eré sáyẹ́ǹsì àròsọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yasmin Finney, òṣèré tó jẹ́ transgender, ló ṣe Rose, ọmọbìnrin transgender tí Donna Noble, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá pàtàkì inú eré náà, bí. Àwọn tó wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní mílíọ̀nù 5. Ẹ̀sùn tó dé ọ̀dọ̀ BBC pé kí ló dé tí ẹ̀dá transgender fi wà nínú eré jẹ́ 144. Ẹ wo 144 lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 5! Síbẹ̀, 144 yẹn ni àwọn oníròyìn gbé kiri, torí òun nìkan ló wà ní kíkà. Ó kéré tán, BBC dá àwọn olùfisùn lóhùn pé eré náà kò ní yéé fi ayé tí a wà nínú rẹ̀ hàn. Àwọn tí inú wọn dùn ńkọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ má sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ tó ń ka owó kì í gbọ́ ìyìn. Star Trek tí a mọ̀ lónìí, díẹ̀ ló kù kí NBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, pa á tì lẹ́yìn ọdún kejì. Bjo Trimble àti John ọkọ rẹ̀ ló kó àwọn olólùfẹ́ eré náà jọ; lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ NBC láti ìparí 1967, títí ilé iṣẹ́ náà fi kéde ní 1968 pé ọdún kẹta ń bọ̀.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n ni Sense8, tó bẹ̀rẹ̀ lórí Netflix ní 2015. Lana àti Lilly Wachowski, obìnrin transgender ni àwọn méjèèjì, ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú J. Michael Straczynski. Ènìyàn mẹ́jọ ni, káàkiri ayé, tí ọkàn wọn ṣàdédé so pọ̀: ìyà tó jẹ ọ̀kan, gbogbo wọn ló ń mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀kan nínú wọn ni Nomi Marks, ọ̀jáfáfá nídìí kọ̀ǹpútà ní San Francisco, obìnrin transgender tí ìyá rẹ̀ kò yéé fi orúkọ àtijọ́ pè. Jamie Clayton, tí òun náà jẹ́ obìnrin transgender, ló ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa Nomi ni pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sá fún ọ̀tá, ó ń já wọ inú ẹ̀rọ ìjọba, ó ń bá Amanita olólùfẹ́ rẹ̀ ṣeré. Kò wá síbẹ̀ kó wá máa ṣàlàyé ara rẹ̀ fún wa.

Ní June 2017, Netflix ní ó tán. Wọ́n dá eré náà dúró níbi tí ìtàn ti gbóná jù. Ariwo ta láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, àwọn òǹwòran kọ̀wé, wọ́n tẹ Netflix láago, wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Kí oṣù náà tó parí, Netflix ti gbà pé àwọn yóò ṣe ìparí oní-wákàtí méjì, Lana Wachowski sì kọ̀wé sí àwọn olólùfẹ́ eré náà pé ariwo wọn ló ṣe é. Ó jáde ní June 8, 2018. Nínú rẹ̀, Nomi àti Amanita ṣègbéyàwó lórí Eiffel Tower. Àwọn òǹwòran ló gba ìgbéyàwó yẹn padà fún wọn.

Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí n sọ ọ́. Wọ́n pariwo fún The OA, eré Netflix mìíràn, náà nígbà tí wọ́n dá a dúró ní 2019, kò padà wá. Àmọ́ Ian Alexander, òṣèré transgender tó ṣe Buck, ọmọkùnrin transgender, níbẹ̀ kò bá eré náà kú. Ní 2020, òun ni Gray nínú Star Trek: Discovery, ẹ̀dá transgender àkọ́kọ́ nínú gbogbo Star Trek.

Wàyí o, kí ni ká yìn? A kò ní máa pàtẹ́wọ́ torí pé a ṣáà ti rí ẹni transgender lójú tẹlifíṣọ̀n. Òwe kejì wúlò níbí: a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ní 1992, Star Trek: The Next Generation gbé "The Outcast" jáde. Àwọn J'naii, ẹ̀dá tí kò ní akọ tí kò ní abo, ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Soren, sọ fún Riker, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ inú eré náà, pé obìnrin ni òun mọ ara òun sí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ mú un, wọ́n "wò ó sàn", Riker sì pẹ́ kó tó dé. Ìtàn tó ní ìgboyà ni nígbà náà. Àmọ́ ta ló wà níbẹ̀ tó mọ bó ṣe ń rí? Obìnrin ni wọ́n fi ṣe gbogbo J'naii, Jonathan Frakes tó ṣe Riker sì sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé ó yẹ kí wọ́n fi ọkùnrin ṣe Soren.

Ẹ wá wo Nicole Maines nínú Supergirl, ní 2018. Òun ni Nia Nal, tí wọ́n ń pè ní Dreamer, akọni transgender àkọ́kọ́ nínú eré akọni alágbára orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 2021, Maines fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn Dreamer sínú ìwé alábala àwòrán ti DC, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìtàn àwọn akọni alágbára. Olórí ti wà níbi tí wọ́n ti ń fárí rẹ̀, ó tún gba abẹ. (Nínú The Umbrella Academy ti 2022, òwe náà tiẹ̀ di ojúkorojú: Elliot Page, òṣèré tó jẹ́ ọkùnrin transgender, ní ipò Viktor, wọ ilé onígbàjámọ̀ lọ gẹ irun.)

Ìyìn kò dí ìbáwí lọ́nà. Nígbà tí Gray kọ́kọ́ dé, ó ti kú, Adira, olólùfẹ́ rẹ̀, nìkan ló ń rí i. Ó dun ọ̀pọ̀ òǹwòran pé òkú ni ẹ̀dá transgender àkọ́kọ́ nínú Star Trek, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n. Ní apá kẹrin eré náà, Gray gba ara tuntun, gbogbo ènìyàn sì ń rí i. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹni tó bá fi ọwọ́ méjèèjì na ọmọ, kó má retí mìíràn.

Ibì kan wà tí ìyìn ti ń di ìyọnu. Kí ẹnì kan rí òṣèré, kó máa bi í léèrè orúkọ àtijọ́ rẹ̀, tàbí iṣẹ́ abẹ, tàbí ohun tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, kó wá ní òun fẹ́ràn rẹ̀ ni! Iṣẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yìn. Ẹ dárúkọ ibi tó ti dùn mọ́ yín, kí ẹni tó ṣe é lè mọ ohun tí yóò tún ṣe. Ẹ tún wo orúkọ òǹkọ̀wé tó ń kọjá nígbà tí eré bá parí, torí òṣèré nìkan la máa ń rántí. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ ìwé sí Russell T Davies, òǹkọ̀wé "The Star Beast", lórí ibi tí àwọn ọmọkùnrin kan ti fi Rose ṣẹ̀sín lójú pópó, tí Donna fi sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun lè jó gbogbo ayé níná nítorí rẹ̀.