Ẹni tí kò mọ kọ́máǹdì náà lè ka jínóòmù

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní Akọka àti Ìdí-Àràbà ti sọ ọ́ títí ó fẹ́ẹ̀ di òfin: ẹni tí kò bá lè jókòó ti ojú dúdú Linux kó máa tẹ kọ́máǹdì (àṣẹ tí a ń fi ọ̀rọ̀ kọ sí kọ̀ǹpútà), kò lè ṣe bioinformatics, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà yẹ dátà bíi ti DNA wò. Bó bá lo ibi tí wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á ní eré ọmọdé ló ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó ti ń gbin kòkòrò bakitéríà sínú àwo tipẹ́, tó mọ èyí tí oògùn kò ràn mọ́, ló yẹ kó ka jínóòmù kòkòrò náà (gbogbo lẹ́tà DNA rẹ̀) fúnra rẹ̀.

Ẹ wo Galaxy, ibi tí wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnnì láti yẹ dátà DNA wò, tó ti wà láti 2005. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni. FastQC (tó ń yẹ ìdára dátà wò), Trimmomatic (tó ń gé ibi tí kò dára) àti BWA (tó ń to àwọn ègé DNA mọ́ jínóòmù àfiwé) tí àwọn ọ̀gá ń fi kọ́máǹdì pè náà ló wà lẹ́yìn bọ́tìnnì ibẹ̀. Ẹ ní kí Trimmomatic máa wo lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin, kó gé ègé DNA náà níbi tí ìpíndọ́gba máàkì ìdára wọn bá ti wálẹ̀ ju 20: SLIDINGWINDOW:4:20 ni Galaxy máa kọ sí ẹ̀rọ. Ohun tí ẹni tó ń lo kọ́máǹdì máa tẹ̀ náà nìyẹn. (20 yẹn ni pé nínú lẹ́tà 100, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan jẹ́ àṣìṣe.)

Galaxy tún ń kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀, títí kan ẹ̀dà irinṣẹ́ tí ẹ lò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tẹ kọ́máǹdì kì í kọ nǹkan kan. Iná lè lọ ní Yába, iṣẹ́ á máa lọ lórí ẹ̀rọ Galaxy lọ́hùn-ún. Dátà tí fífi fáìlì ránṣẹ́ ń jẹ ni ìṣòro gidi.

Ibi tó ti léwu ni yíyan jínóòmù àfiwé, ìyẹn èyí tí ẹ máa fi dátà yín wé. Ẹ̀dà jínóòmù ènìyàn méjì, hg19 ti 2009 àti hg38 ti 2013, jọ wà nínú àkọsílẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá lo hg19, tí ẹ wá fi èsì wé ti ẹni tó lo hg38, nọ́ńbà ibùdó àwọn lẹ́tà DNA kò ní bára mu, kò sì sí ohun tó máa pariwo. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń tẹ kọ́máǹdì náà! Kọ́máǹdì wúlò bí àyẹ̀wò bá pọ̀ rẹpẹtẹ, tàbí bí irinṣẹ́ tuntun kò bá tíì dé orí Galaxy.

Ẹ fi FastQC bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwòrán Per base sequence quality (ìdára lẹ́tà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan). Bí ìparí rẹ̀ bá já wálẹ̀, ẹ fi Trimmomatic gé e, kí ẹ tún FastQC ṣe.